Dídán àti Mímọ́

Agolo pólíṣì ọkọ̀ kan wà lórí pẹpẹ ìwé mi, láàárín ìwé atúmọ̀ èdè àti ìgò yíǹkì kan tí ó ti gbẹ. Àwọn àlejò mi a máa bi mí léèrè ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wá láàárín ìwé. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé èmi náà ń kà á ni. Díẹ̀ ni mo lò nínú rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2021. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ṣí ìdérí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí díẹ̀ náà tú síta kì í ṣe kékeré, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ.

Ọkọ̀ tí mo fi í pa kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, Peugeot 504 pupa kan tí ó rà ní ọdún 1983, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí kò gbé ilẹ̀ yìí ní ìgbà náà lè má mọ ohun tí irú ọkọ̀ yìí túmọ̀ sí. Ní ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Peugeot pọ̀ fún wa níhìn-ín. Ọdún yìí kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, èyí tí àwọn ènìyàn wa wo ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rogodo, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ìjàpá ni ọkọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. 504 ni ti ẹni tí ó ti gòkè tán, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìjọba, adájọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbà ti lọ. Ọkọ̀ tí àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé nígbà kan ti di ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ka sí bí ohun àtijọ́. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí.

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ sí ilé ọkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bá ẹnì kan tí ó ń fi jíìpù dúdú ńlá háyà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀. Ó ní ọkọ̀ tí ó gbé òun kúrò ní ilé ìwòsàn ní ọdún 1993 ni yóò gbé òun lọ sí ibi ìgbéyàwó. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi ni ó wa òun àti ìyá rẹ̀ wálé ní ọjọ́ kẹta tí a bí i. Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí Bódìjà ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò dán mọ́ o."

Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ dààmú, Bọ̀dá mi. Èmi ni n óò mú un dán."

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, dán. Èdè wa ya mímọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára dídán, ìyàtọ̀ náà kò sì mọ níwọ̀n ba. Abọ́ tí a fọ̀ a máa mọ́. Bàtà tí a kùn a máa dán. Aṣọ òfì tí a fọ̀ tí a sá lè mọ́ tónítóní, síbẹ̀ kí ó má dán. Kòtò tí epo mọ́tò dà sí a máa dán yinrinyinrin nínú oòrùn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò pè é ní ohun mímọ́. Omi ni a fi ń wá mímọ́. Ní ti dídán, ọ̀nà méjì ni a fi ń wá a. Èkíní ni kí a fi nǹkan kún ara ohun náà, bí àdí tàbí òrí tí ìyá fi ń pa ọmọ lára. Èkejì ni kí a yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀nà kejì yìí ni ìyá mi àgbà máa ń gbà tún idẹ rẹ̀ ṣe. Idẹ kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa ṣú bí ó bá pẹ́ nínú atẹ́gùn. Ìyá mi àgbà a fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, a bu eérú lé e, a wá máa fi àkísà há a. Omi kíkan inú ọsàn ni ó ń jẹ dúdú náà kúrò, eérú ni ó ń há èyí tí ó bá ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbà náà a sì máa kọ mọ̀nà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà fi kú, inú ẹ̀gbà náà ti fẹ́lẹ́ bí ewé. Ọdọọdún ni ó ń dán, ọdọọdún náà ni ó ń dín kù.

N kò rántí ẹ̀gbà yìí ní ọjọ́ tí mo lọ ra pólíṣì ní ọjà ohun èlò mọ́tò tí ó wà ní Géètì. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó tà á fún mi gbé e lé ọwọ́ òsì, ó fi ọ̀tún lù ú bí ìlù.

Ó ní, "Bàbá, tuntun dé. Ẹ fi pa á lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó máa fi wo ojú yín bí díńgí ni."

Mo fẹ́ràn láti máa ka ohun tí wọ́n bá kọ sí ara agolo, nítorí náà mo kà á nínú ọkọ̀ èrò títí mo fi délé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìda igi kanáúbà wà nínú rẹ̀. Ìdílé ọ̀pẹ ni igi yìí, ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Brazil ni ó sì ti ń hù, ìhà kan náà tí Bahia wà, níbi tí a kó àwọn ènìyàn wa lọ ní ìgbà òwò ẹrú. Oòrùn ibẹ̀ le púpọ̀. Kí omi ara ewé má baà gbẹ ni igi náà ṣe ń fi ìda bo ewé rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ a gé ewé, wọn a sá a, wọn a wá gbọn ìda náà kúrò lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó le ju ìda oyin lọ: ìda oyin a máa yọ́ kí ooru tó dé ìwọ̀n 70 Celsius, ṣùgbọ́n ti kanáúbà yóò kọjá 80 kí ó tó yọ́.

Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí ìda. Ìda ni àwọn asúdẹ wa fi ń mọ àwòrán. Wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a fi iná yọ́ ìda dànù, wọn a wá da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni a fi ṣe àwọn orí tí wọ́n wú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Bí mo ṣe ń ro gbogbo èyí ni orí mi ń wú. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí mo fẹ́ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ afọkọ̀ lásán, iṣẹ́ ọnà ni.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà lára agolo náà, ní lẹ́tà kéékèèké. Wọ́n ní kí a fọ ọkọ̀ kí ó mọ́ ná. Wọ́n ní kí a má lò ó nínú oòrùn. Wọ́n ní kí a má jẹ́ kí ó kan rọ́bà tàbí ike dúdú. Wọ́n sì ní kí a kọ́kọ́ dán an wò ní ibi tí ó fara sin. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbójú kúrò níbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni, ìgbéyàwó sì di ọ̀la.

Mo dé Bódìjà ní aago méje òwúrọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ gé irun rẹ̀. Mo da omi sí ọkọ̀ náà lára, mo fi àkísà nù ún, ọyẹ́ sì tètè gbẹ ẹ́. Mo wá fi téèpù pín bọ́nẹ́ẹ̀tì sí méjì gbọgba, kí n lè rí ìyàtọ̀. Pólíṣì náà funfun bí ògì, ó ń rùn bí epo òyìnbó, bí a bá sì fi àtàǹpàkò àti ìka ra á pọ̀, a óò mọ̀ ọ́n lára pé iyanrìn tí ó kúnná púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo fi í pa apá ọ̀tún. Mo dúró kí ó ṣú díẹ̀, mo sì nù ún kúrò.

Òótọ́ ni ọ̀dọ́kùnrin yẹn sọ. Apá òsì bọ́nẹ́ẹ̀tì rí bí ilẹ̀ tí ojò kò kàn láti ọdún tó kọjá, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ní ẹfun lójú. Apá ọ̀tún pọ́n bí ojú ayaba. Ewé igi máńgòrò tí ó wà lókè ń hàn nínú rẹ̀, ojú tèmi pẹ̀lú ń hàn. Àwọn ọmọ ilé jáde wá wò ó, wọ́n pa àtẹ́wọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ti inú ilé ìdáná yọjú, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìyàwó!" Kò sí ohun tí ó ń yára mú ènìyàn ṣi ẹsẹ̀ gbé bí ìyìn òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ohun tí mo ṣe gan-an ni mo fẹ́ kí ó yé yín. Oòrùn àti atẹ́gùn ni ó máa ń pa ojú ọ̀dà. Bí ó bá ti kú, a di ẹfun gbẹrẹfu tí kò lè dá ìmọ́lẹ̀ padà mọ́. Iyanrìn kíkúnná inú pólíṣì ni ó ń há ojú òkú náà kúrò kí èyí tí ó yè lábẹ́ rẹ̀ lè yọ. Ìda kàn ń bò ó lẹ́yìn náà ni. Ọkọ̀ òde òní ní ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀ tí wọ́n fi bo àwọ̀ rẹ̀ lórí, nítorí náà àkísà kì í pọ́n. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò ní in. Àkísà mi pọ́n bí ti apẹran. Gbogbo ọ̀dà tí ó sì wà lára ọkọ̀ kò nípọn ju bébà kan tàbí méjì lọ. Ohun tí àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún ni bí mo ṣe ń bó ọkọ̀ náà.

Ẹ kò ní ṣàìrántí àwọn ìpara tí wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, pé yóò mú ojú wọn dán. Ìyá a fi òrí pa ọmọ lára kí awọ lè lágbára. Ìpara yìí a bó awọ kí ó lè tàn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwọn ará àdúgbò a máa yìn ín.

Ìyà mi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn gòkè. Irin gbóná, pólíṣì náà sì gbẹ mọ́ ọn lára kí n tó nù ún, ó di ojú abàwọ́n. Nínú ìkánjú mi mo ti fi ọwọ́ pa á mọ́ àwọn rọ́bà dúdú tí ó yí fèrèsé ká àti èyí tí ó wà lára bọ́ńpà. Wọ́n funfun bí ètè ẹni tí ó mu ògì tí kò nu ẹnu. Mo fi àkísà nù wọ́n, ó túbọ̀ wọnú wọn. Mo rò pé bí mo bá mú ọ̀dà dán jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò ní wo rọ́bà. Mo bọ́ sí ìdí fẹ́ńdà òsì níwájú, mo sì ń fi agbára ra á. Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé pupa tí ó ń jáde sára àkísà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ti bọ́nẹ́ẹ̀tì jọ ẹ̀jẹ̀. Èyí jọ ata rodo. Mo tún ra á díẹ̀. Ní ibi tí fẹ́ńdà náà ti ṣẹ́po, níbi tí ọ̀dà máa ń fẹ́lẹ́ jù, ọ̀dà ìpìlẹ̀ eléérú yọ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni pọ́tì, ohun funfun tí àwọn akunmọ́tò fi ń dí ibi tí ọkọ̀ bá ti tẹ̀. Ó tó ìwọ̀n owó náírà onírin kan. Ọwọ́ mi rọ.

Mo mọ pọ́tì náà. Èmi ni mo san owó rẹ̀.

Ní ọdún 1991 mo yá ọkọ̀ yìí lọ sí Abẹ́òkúta fún ayẹyẹ ọ̀rẹ́ mi kan. Bí mo ṣe ń bọ̀ lálẹ́, ní ẹ̀bá Ọ̀mí-Adió, mo fi fẹ́ńdà òsì gbá òpó kọnkéré kan. Dípò kí n wálé, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ apánẹ́lì kan tí kò mọ ẹ̀gbọ́n mi rí. Ọjọ́ méjì ni ó fi tún un ṣe. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ayẹyẹ náà ni kò tètè parí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó kí mi káàbọ̀, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Bí mo bá tọrọ ọkọ̀, a ní òun fúnra òun ni yóò wà mí lọ. Bí ó ṣe wa ìyàwó mi àti ọmọ wálé ní ọdún 1993 náà nìyẹn. Ìwà náà dùn mí. Fún ọdún pípẹ́ ni mo ń pè é ní ahun nínú ọkàn mi, mo sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo ti gbàgbé òpó Ọ̀mí-Adió. Èyí tí ó ṣe mí nìkan ni mo ń rántí.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú àkísà pupa lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ dárí jì mí. Mo ti ba ọkọ̀ yín jẹ́."

Ó wo fẹ́ńdà náà, ó wo rọ́bà fèrèsé. Ó ní, "Èwo lò ń wí? Ti òní ni, àbí ti ọdún 1991?"

N kò lè dìde nílẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí ọmọ má baà rí bàbá ìyàwó nínú omi ọṣẹ. Mo bi í léèrè bí ó ṣe mọ̀.

Ó ní, "Ta ní ń bá mi fọ ọkọ̀ yìí? Gbogbo Sátidé ni mò ń fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí o dá a padà ni ọwọ́ mi kọjá níbẹ̀, ó sì rí wúruwùru díẹ̀. Ojú kò rí i, ọwọ́ mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò bi mí?"

"Mò ń retí rẹ ni. Lọ́dún àkọ́kọ́ inú ń bí mi. Lẹ́yìn náà ẹ bí ọmọ yìí, a kì í fi ọ̀rọ̀ fẹ́ńdà kí ọmọ tuntun káàbọ̀. Nígbà tó yá, ojú wá ń ti èmi náà pé ó ti pẹ́ jù."

Àwọn baba wa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ fún ọgbọ̀n. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìtìjú tí yóò bá òpùrọ́ ní ọjọ́ tí òtítọ́ bá dé ni òwe náà ń sọ. Ní ọjọ́ náà ni mo rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ogún ọdún ni ó wúwo jù. Ojú ìbáṣepọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dán ní gbogbo ìgbà náà: a ń kí ara wa, a ń jọ jẹun ní ọdún, a ń dá aṣọ kan náà sí òde ìnáwó. Ṣùgbọ́n kò mọ́. Pọ́tì wà lábẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì ni a sì mọ ibi tí ó wà. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

A kò rí akunmọ́tò kankan tí yóò lè ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi bu omi ọṣẹ sínú ike, ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, òun náà mú ọ̀kan, a sì jókòó lórí àpótí, a ń fọ funfun kúrò lára rọ́bà ní díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo pè é ní ahun. Ó ní ìyàwó mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó òun láti ìgbà pípẹ́. Apá òsì bọ́nẹ́ẹ̀tì ni a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; mo ní kí n parí rẹ̀ kí méjèèjì lè bára mu, ó kọ̀. Ó ní ìwọ̀nba ọ̀dà tí ó kù yẹn, òun ṣì ń lò ó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó fẹ́ fi rìbọ́ọ̀nù bo ojú pọ́tì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dì í sí ibi tí wọ́n ń dì í sí. Ó wá yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò agbádá rẹ̀, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Ìwọ ni o máa wà á."

Ọmọ mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Kí a tó kúrò ní Bódìjà, ó bèèrè pé, "Dádì, kí ló ṣe fẹ́ńdà yìí?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà, láti Ọ̀mí-Adió títí dé orí àkísà pupa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ rọra wà á o." Mo rọra wà á.

Eékún ẹ̀gbọ́n mi kò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ báyìí. Nítorí náà bí n kò bá rin ìrìn-àjò, Bódìjà ni mo máa ń wà ní òwúrọ̀ Sátidé. Òun ni ó ń fọ òrùlé àti gíláàsì. Èmi ni mo ń fọ ìsàlẹ̀, táyà àti fẹ́ńdà. Akunmọ́tò ti bá wa kun ojú pọ́tì náà, àwọ̀ rẹ̀ kò sì bá ti ìyókù mu dáadáa. Omi àti ọṣẹ nìkan ni a ń lò. Ọkọ̀ náà kò dán, ṣùgbọ́n ó mọ́.